Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá kọ́ iṣẹ́ wọn ní Bassila àti Manigri

Òṣìṣẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́. Bí ọkọ bá kú, tí àwọn ẹbí rẹ̀ sì fẹ́ lé opó jáde kúrò nínú ilé, òun ni a ń wá lọ. Bí a bá rí ọmọdé kan ní ibùdókọ̀, tí kò mọ orúkọ ìlú rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ń mú ọmọ náà lọ. Bí bàbá kan bá fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kúrò ní ilé-ìwé láti fi í fún ọkọ, òun ni ó yẹ kí ó wá bá bàbá náà sọ̀rọ̀. Àwọn tí wọ́n gbọ́ Faransé ń pè é ní asistáǹ sosiálì. Ní èdè wa, ẹ jẹ́ kí a pè é ní òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ará ìlú. CPS ni a mọ ọ́fíìsì rẹ̀ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orúkọ tí ìjọba fún un nísinsìnyí ni GUPS.

Mo fẹ́ kí a jọ ronú lórí bí a ṣe ń kọ́ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yunifásítì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àwọn olùkọ́ yunifásítì nìkan. Ilé yín ni òṣìṣẹ́ náà yóò wọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹbí yín ni yóò gbọ́. Bí kò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin ni ìyà rẹ̀ yóò jẹ, kì í ṣe ẹni tí ó fún un ní ìwé-ẹ̀rí.

Ọ̀nà ìkọ́ni kan wà tí àwọn yunifásítì káàkiri ayé ń lò báyìí. A lè pè é ní ẹ̀kọ́ àdàpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gba apá kan nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ní ibi tí ó bá wà, ní àkókò tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó sì máa ń gba apá kejì lójúkojú, níwájú olùkọ́ àti láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Apá méjèèjì ni a dà pọ̀, tí ọ̀kan ń ran èkejì lọ́wọ́.

Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí wa tó bí àwọn kan ṣe rò. Ẹ wo ọmọ kéú. Alfa kọ ẹsẹ̀ kan sí ara wàláà fún un. Ọmọ náà gbé wàláà rẹ̀ lọ sí abẹ́ igi, ó ń kà á títí ó fi mọ̀ ọ́n lórí. Lẹ́yìn náà ni ó padà wá jókòó níwájú alfa láti kà á sókè, kí alfa lè tún ohùn rẹ̀ ṣe. Wàláà nìkan kò lè sọ ọmọ di alfa. Bí alfa bá sì ní láti jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ di alẹ́, ọmọ mélòó ni yóò lè kọ́? Ẹ̀yin náà tí ẹ lọ sí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ṣé inú kíláàsì nìkan ni ẹ ti mọ̀ ọ́n? Ẹ kọ lẹ́tà ní ilé, lẹ́bàá àtùpà, kí ẹ tó tún padà lọ fi ìwé yín han olùkọ́.

Èrò mi ni pé ẹ̀kọ́ àdàpọ̀ dára púpọ̀ fún iṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn, bí a bá fi apá tí ó jẹ́ ti ojúkojú sí ibi tí ó yẹ kí ó wà. Ibi tí ó yẹ náà ni Bassila, Manigri, Pénéssoulou àti Alédjo, nínú agbo ilé àwọn ènìyàn. Gbọ̀ngàn ńlá yunifásítì nìkan kò tó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwọn ẹ̀kọ́ kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí kò ní ibùgbé. Òfin ẹbí tí ilẹ̀ wa fọwọ́ sí ní ọdún 2004 sọ pé ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ kú ní ìpín nínú ogún. Òfin ọmọdé, tí a fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá ọdún 2015, to ẹ̀tọ́ ọmọ lẹ́sẹẹsẹ. Òfin kan náà tún wà láti ọdún 2006 lórí àwọn tí ń kó ọmọ kiri fún iṣẹ́. Ohun tí àwọn òfin wọ̀nyí sọ ní Abomey-Calavi náà ni wọ́n sọ ní Manigri. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kà wọ́n lórí fóònù, kí ó gbọ́ àlàyé olùkọ́, kí ó dá a dúró, kí ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí ó bá ti jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn tí ó kún fọ́fọ́ mọ̀ pé ohùn olùkọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú ń tì láti béèrè ọ̀rọ̀ níwájú ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè kọ ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Àwọn méjì lè máa ṣe bí ẹni pé ọ̀kan jẹ́ opó, tí èkejì jẹ́ òṣìṣẹ́, kí wọ́n gba ohùn ara wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ ọ padà. Nígbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbọ́ ibi tí òun ti já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ opó náà lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ yìí kò sí nínú ìwé, kò sì sí lórí fóònù. Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwé ìbéèrè dání, ó wọ agbo ilé kan ní Manigri. Ìbéèrè kejì tàbí ìkẹta nínú ìwé náà ni: ọmọ mélòó ni ẹ bí? Mélòó ni ó kú? Ta ni nínú wa tí kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Ìyá náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò dá nọ́ńbà kan, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ọ́ sílẹ̀, irọ́ yóò sì wọ inú ìwé ìjọba. Ẹni tí ó mọ ilé yóò kí ìyá náà dáadáa. Yóò béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ti èyí tí ó wà ní oko, ti èyí tí ó lọ sí Nàìjíríà, ti èyí tí ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ní Cotonou. Nígbà tí ìyá bá ń dáhùn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ka àwọn ọmọ náà ní ọkàn rẹ̀. Bí ìyá bá sì dákẹ́ lórí ọmọ kan, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kọ́ láàrin ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń béèrè pé kí ènìyàn máa gbé láàrin àwọn tí ó fẹ́ sìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn fóònù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí òfin àti ìwé bá lè tọ akẹ́kọ̀ọ́ wá lórí fóònù, kò ní láti fi gbogbo ọdún rẹ̀ jókòó sí Parakou tàbí Abomey-Calavi. Ó lè máa gbé ní Bassila fún oṣù púpọ̀, kí ó máa tẹ̀lé òṣìṣẹ́ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kí ó sì máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ ní alẹ́.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Kọmúùnù Bassila kì í ṣe ilé elédè kan. Ní Bassila, Anii ni wọ́n ń sọ. Ní Manigri, Nàgó ni, èyí tí ó bá ti àwọn ará wa ní Kambolé ní ilẹ̀ Togo mu. Àwọn Fúlàní darandaran wà láàrin wa, àwọn Kotokólì wà, àwọn àgbẹ̀ tí ó ti Atacora wá náà sì wà. Òṣìṣẹ́ tí ó gbọ́ Faransé àti Fọ̀n nìkan yóò máa wá ògbufọ̀ kiri. Ta ni ògbufọ̀ náà yóò jẹ́? Nígbà púpọ̀, àbúrò ọkọ ni, tàbí ọmọ ilé. Báwo ni obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù yóò ṣe sọ òótọ́ láti ẹnu àbúrò ọkọ rẹ̀?

Fóònù lè ràn wá lọ́wọ́ níbí, bí a bá yí i padà sí ọ̀dọ̀ ara wa. Títí di ìsinsìnyí, láti ìlú ńlá ni ẹ̀kọ́ ti ń wá sí abúlé. Kí ló dé tí ẹ̀kọ́ kò lè ti abúlé lọ sí ìlú ńlá? Àwọn ìyá àgbà Manigri lè gba ohùn wọn sílẹ̀: bí a ṣe ń kí ilé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, bí a ṣe ń béèrè àìsàn láì dójú ti ẹni, ọ̀rọ̀ tí a máa ń lò nígbà tí a kò fẹ́ pe ohun burúkú ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Àwọn àgbà Bassila lè ṣe tiwọn ní Anii. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbọ́ wọn lórí fóònù kí ó tó gun ọkọ̀ wá. Kí yunifásítì sì san owó fún àwọn ìyá náà, bí ó ti ń san fún olùkọ́ èyíkéyìí.

Àwọn kan yóò sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kò lè gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ẹni tí kò lọ sí ilé-ìwé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ nínú yunifásítì. Àwọn tí ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń bẹ aláìní wò, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yúróòpù, kí wọ́n tó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún un ní Amsterdam ní ọdún 1899. Ní Áfíríkà, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ní Johannesburg ni Winnie Mandela, tí gbogbo ayé padà wá mọ̀ fún ìjà òmìnira. Àwọn ẹgbẹ́ àgbáyé tí ó ń bójú tó ẹ̀kọ́ yìí kọ ìlànà wọn sílẹ̀ ní ọdún 2004, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2020. Nínú ìlànà náà, lílọ sí àárín àwọn ènìyàn láti kọ́ iṣẹ́ kì í ṣe àfikún. Ó wà lára ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀.

Àwa kọ́ ni a óò kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ kọ́ni, nítorí náà ó yẹ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹlòmíràn. Ní ọdún 1971, ilẹ̀ Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ sí fi tẹlifíṣọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, owó ńlá ni wọ́n ná lé e lórí. Ní ọdún 1982, wọ́n dá a dúró. Owó rẹ̀ ti wúwo jù, ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti òbí kò sì tẹ́wọ́ gbà á. Láti òkè ni ètò náà ti wá bá wọn. Nàìjíríà dá yunifásítì fún àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé wọn sílẹ̀ ní ọdún 1983, ìjọba ológun sì tì í pa ní ọdún 1984, kí wọ́n tó wá tún un ṣí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Ní ilẹ̀ wa, nígbà tí àrùn kòrónà dé ní oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn yunifásítì ti ilẹ̀kùn wọn, wọ́n sì gbìyànjú láti fi íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ni. Ọmọ tí ó ní kọ̀ǹpútà àti iná ní Cotonou àti ọmọ tí ó padà sí abúlé, tí ó ń gun orí òkè wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri, kì í ṣe ẹgbẹ́.

Èyí tí ó wù mí jù ni ti Senegal. Ní ọdún 2013, wọ́n dá yunifásítì kan sílẹ̀ tí ó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó lọ dá jà pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Wọ́n ṣí àwọn ilé kan sí oríṣiríṣi ìlú, tí wọ́n ń pè ní ENO. Iná wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń pàdé ara wọn níbẹ̀. Ọmọ tí ó jìnnà sí Dakar lè tipa bẹ́ẹ̀ lọ sí yunifásítì láì kúrò ní ẹkùn rẹ̀.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo ń tọrọ fún Bassila. Kò ní láti tóbi. Yàrá kan tí ó ní iná agbára oòrùn, kọ̀ǹpútà díẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní fi owó ara rẹ̀ rà, àti olùkọ́ kan tí ń gbé ní ìlú náà. Olùkọ́ yìí ṣe pàtàkì ju kọ̀ǹpútà lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bá ọmọ tí wọ́n ti lù ní ilé kan ní àárọ̀, ó nílò ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Kò lè dúró de ìgbà tí ẹnì kan yóò dá a lóhùn lórí WhatsApp.

Ẹ jẹ́ kí a tún ro ti àwọn ọmọ tiwa. Ọ̀dọ́ Manigri tí ó gba BAC, tí ó sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ní láti wá owó yàrá, owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ní ìlú tí kò ní ẹbí. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń ta kajú ọdún kan tán lórí èyí nìkan. Ọmọbìnrin tí ó ti bímọ kò tilẹ̀ lè ronú rẹ̀. Bí ìdajì ẹ̀kọ́ náà bá lè wáyé ní Bassila, àwọn wọ̀nyí yóò lè bọ́ sí i. Wọ́n gbọ́ èdè, wọ́n mọ ilé, wọn kò sì ní máa ka ọjọ́ tí ìjọba yóò gbé wọn kúrò ní ibi tí wọ́n ń pè ní ìgbẹ́.

Ewu méjì ni mo rí, mi ò sì ní fi wọ́n pamọ́. Àkọ́kọ́ ni pé kí àwọn aláṣẹ sọ ẹ̀kọ́ àdàpọ̀ di ẹ̀kọ́ olówó pọ́ọ́kú. Wọ́n lè fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù, kí wọ́n dín olùkọ́ kù, kí wọ́n sì pe ọ̀sẹ̀ méjì ní abúlé ní apá ojúkojú. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó sàn kí wọ́n fi ti àtijọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe wà.

Ewu kejì kan yín ju àkọ́kọ́ lọ: ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fi fóònù kẹ́kọ̀ọ́ yóò mú fóònù náà wọ ilé yín. Ó lè ya àwòrán ọmọ tí ó rù. Ó lè gba ohùn ìyá tí ń sunkún sílẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀, kí ó sì fi í sí àárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo ohun tí òun bá pàdé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé Djougou, ó ti dé Nàìjíríà. Òfin wà lórí èyí. Òfin ọdún 2018 lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀ wa dáàbò bo orúkọ, àwòrán àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n òfin kò sí ní ẹnu ọ̀nà nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wọlé. Ẹ̀yin ni ẹ wà níbẹ̀.

Ibí yìí ni ìwé tí ẹ mọ̀ yóò ti wúlò. Bí ọ̀dọ́ kan bá wá pẹ̀lú fóònù àti ìwé ìbéèrè, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ fún un ní omi mu, kí ẹ sì béèrè orúkọ rẹ̀ àti orúkọ olùkọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí yóò fi ọ̀rọ̀ yín ṣe. Ẹ lè sọ pé kí ó má ya àwòrán, kí ó má gba ohùn. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Bí ó bá ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé, ẹ kà á. Bí ó bá jẹ́ Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ ní Nàgó tàbí Anii kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ìgbà tí a ń fi àtàǹpàkò tẹ ohun tí a kò mọ̀ ti kọjá fún yín. Nígbà tí ó bá parí, ẹ ní kí ó ka ohun tí ó kọ nípa yín sí yín létí.

Mo tilẹ̀ fẹ́ kí a lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olùkọ́ máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì lórí ohun tí ó kọ. Kí àwọn ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀ wò náà ní ọ̀rọ̀ nínú máàkì náà. Ǹjẹ́ ó kí wa? Ǹjẹ́ ó padà wá ní ọjọ́ tí ó dá? Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ wa jáde láti ẹnu rẹ̀? Ìbéèrè mẹ́ta péré, tí àgbàlagbà èyíkéyìí tí ó ti mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lè dáhùn lórí ewé ìwé kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ àkókò, tí àwọn tí ń ṣètò yunifásítì kì í sábà rò. Bí wọ́n bá rán akẹ́kọ̀ọ́ wá ní ìgbà tí a ń kọ ebè, ilé òfìfo ni wọn yóò bá. Láti oṣù kejì títí dé oṣù kẹrin, kajú ni gbogbo ènìyàn ń ṣà, tọkùnrin tobìnrin, títí kan àwọn ọmọ. Àkókò tí ó dára jù ni ìparí ìkórè iṣu, láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ bá ti dé, tí àwọn ènìyàn sì ń jókòó pẹ̀ ní ilé. Kí yunifásítì fi àwọn oṣù mẹ́ta yẹn sílẹ̀ fún wa. Kí wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn olórí àdúgbò ní Bassila àti Manigri kí oṣù kẹwàá tó parí, ní èdè tí a lè kà.